Ẹ̀rọ Sikáànù Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Oko?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Yemẹtu tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ kó ẹrù lóko, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún ọkọ̀ yín kí ẹ tó ra ẹ̀rọ sikáànù. Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú oníhò 16 tí a ń kì í bọ̀. Tòkunbọ̀ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lè má gbà á.

Èyí tó ń gba iná lára ọkọ̀, tó sì ń fi èsì hàn lójú ara rẹ̀, la fara mọ́. Onífóònù kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí fóònù bá kú nínú igbó ńkọ́?

Bó bá kọ P0301, sìlíńdà kìíní ni kò jó dáadáa. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra nǹkan kan.