Ìjì Tí Ń Ká Bí Ejò: Kí Ni Sáíkílóònù?

Bí àwọn ará Ọ̀fàdà bá gbọ́ ìròyìn sáíkílóònù, àwọn kan a rò pé ààjà ni. Àwọn mìíràn a sì rò pé ìjì tí ń ṣí páànù ilé ní oṣù kẹrin ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Henry Piddington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Calcutta ní Índíà, ni ó sọ ìjì náà ní orúkọ yìí nínú ìwé tí ó ṣe fún àwọn atukọ̀ ní ọdún 1848. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, nítorí pé ẹ̀fúùfù náà ń yípo bí ejò tí ó ká jọ. Ní ìhà Amẹ́ríkà, họ́ríkéènì ni wọ́n ń pè é.

Òkun gbígbóná ni oúnjẹ rẹ̀. Ooru omi a gòkè, afẹ́fẹ́ a sáré wọlé láti ìhà gbogbo, yíyí tí ayé ń yí a sì mú kí ó máa pòyì. Bí ó bá gun orí ilẹ̀, agbára rẹ̀ a dín kù. Omi òkun tí ó ń tì bo ilẹ̀ a máa pa ènìyàn ju ẹ̀fúùfù fúnra rẹ̀ lọ: ní ọdún 1970, ní ilẹ̀ tí í ṣe Bangladesh nísinsìnyí, bí 300,000 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kú. Ní ọdún 2019, èyí tí a ń pè ní Idai ba ìlú Beira jẹ́ ní Mozambique.

Èéṣe tí irú rẹ̀ kì í fi í dé Ọ̀fàdà? Ìlú náà súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí yíyí ayé kò ti lágbára tó láti pọ́n ẹ̀fúùfù pọ̀. Ìwọ̀-oòrùn sì ni àwọn ìjì Áfíríkà ń lọ. Lójú òkun ni díẹ̀ nínú wọn ti ń di họ́ríkéènì. Ní ọdún 2015, Fred kọlu erékùṣù Cape Verde, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1892.

Síbẹ̀, kí àgbẹ̀ má ṣe fọwọ́ lẹ́rán. Ìjì ti Ọ̀fàdà a máa ti ìlà-oòrùn wá, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó lè tẹ́ oko ìrẹsì sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, kí a kórè ìrẹsì ní kété tí ó bá gbó. Kí a fi igi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti so. Kí a kan páànù mọ́lẹ̀ dáradára kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí àrá bá sì ń sán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá sábẹ́ igi. Ọlọ́run ni í pa ìjì lẹ́nu mọ́. Ìmúrasílẹ̀ ni ojúṣe ènìyàn.