Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Afẹ́fẹ́

Mo nu tábìlì tí mo jókòó sí yìí láàárọ̀, mo sì ti tún lè fi ìka kọ orúkọ mi sínú eruku orí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan pè wá. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ikọ́ fée, òru ló sì máa ń dà á láàmú jù. Ó ní, "Tàǹtí, èsúsú mi ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹgbẹ̀rún 50 sẹfà. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà ní Kútọnu tó ń fọ afẹ́fẹ́ inú yàrá, ẹgbẹ̀rún 45. Ṣé kí n rà á?" N kò fẹ́ dáhùn láìmọ ilé. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wá wò ó ná.

Yàrá méjì ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá àwọn ọmọ, wọ́n sì ti fi páálí dí i nítorí ọyẹ́. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ààrò wà, igi ni wọ́n ń dá, àjà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ, mo rí bídọ̀n kpayo mẹ́rin, nítorí pé epo ni bàbá wọn ń tà létí títì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tanná sí òògùn ẹ̀fọn roboto, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Bí òórùn gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á fín lọ́fíńdà lé e lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ìyá náà wí. Mélòó nínú wa ni ilé rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó dé rédíò, ẹ jẹ́ kí n ṣe bí olùkọ́ díẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Èèrí á dúró sínú asẹ́, omi á kọjá. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Fáànù ló wà nínú rẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ẹ̀túù inú èéfín dà bí èèrí, asẹ́ lè mú wọn. Ṣùgbọ́n òórùn kpayo dà bí omi ògì, á kọjá lọ ní tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ní èédú pàtàkì nínú tó ń mú òórùn, àmọ́ díẹ̀ ni, kì í pẹ́ kún. Kò lè bá bídọ̀n mẹ́rin jà.

Èyí tó burú jù ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní monoxyde de carbone. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, asẹ́ kankan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í mú un. Ó ń jáde lára igi, ó ń jáde lára èédú, àní nígbà tí èédú ti pọ́n tí kò rú èéfín mọ́. Ẹni tó gbé ààrò èédú wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́, tó wá ti ilẹ̀kùn, lè sùn kó má jí. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín nínú ilé tí iná ń jó, ẹ jáde síta ná, kí ẹ tó wá òògùn orí fífọ́.

Àjọ OMS sọ pé ní 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ju 237,000 lọ nínú wọn. Wọn ò kú nítorí pé wọn ò ní ẹ̀rọ.

N kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò dára o. Ẹni tó ń gbé létí títì ní Kútọnu, tó ń fi gáàsì dáná, tí iná mànàmáná rẹ̀ kì í sábà lọ, tí ọmọ rẹ̀ sì ní ikọ́ fée, ó lè gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn, kó ti ilẹ̀kùn. Kó wo ara páálí rẹ̀ dáadáa. Asẹ́ HEPA H13 gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán 99.95 nínú 100 eruku tó ṣòro mú jù lọ. Bí wọ́n bá kọ "type HEPA", orúkọ lásán ni wọ́n yá. Bí wọ́n bá kọ ozone, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ozone ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹ sì béèrè iye tí asẹ́ tuntun ń lọ, nítorí á kún, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ní ká gbin òdòdó sínú yàrá. Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Cummings àti Waring, ṣírò rẹ̀: kí òdòdó tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe, ó gba ìkòkò 10 títí dé 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹ̀yin náà á wá sùn síbo?

Ìyá náà kò ra ẹ̀rọ. Ó ra ìgò gáàsì kílò 6 àti ojú ààrò rẹ̀ fún ọbẹ̀ ilé. Ààrò igi tó fi ń se àgbàdo tó ń tà ti lọ sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé. A yọ páálí lójú fèrèsé. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá le gan-an nìkan ni yóò máa pa á dé, láìsí iná kankan nínú ilé. Aṣọ tútù ló fi ń nu ilẹ̀ báyìí, kì í fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ da eruku sókè. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wọn, tó wà nínú àpò láti ọjọ́ yìí, ti gorí ẹní. Owó tó kù wà fún òògùn tí ọmọ ń fà sẹ́nu, èyí tí dókítà kọ. Ìyẹn ò gbọdọ̀ tán nílé. Bí ẹ bá rí i pé ìhà ọmọ ń wọlé bó ṣe ń mí, tàbí kò lè sọ̀rọ̀ parí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ti bídọ̀n. Bàbá wọn ní bí òun bá gbé wọn síta, olè á kó wọn. Kò parọ́. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti kó wọn kúrò ní yàrá ọmọ lóòótọ́: ó kó wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ojú ibi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀, ìgò gáàsì tuntun sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo pariwo. A kó wọn jáde lójú ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n wà títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo, tí ẹ ti rí ibi tó láàbò tó jìnnà sí ọmọ àti iná, ẹ pè wá ká gbọ́ bí ẹ ṣe ṣe é. Bàbá náà ń gbọ́ wa.