Àáró Àwọn Ilé Ìwòsàn

Àwọn baba wa a máa ṣe àáró. Àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún a pa ọwọ́ pọ̀; wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Iṣẹ́ tí ó ju agbára ẹnì kan lọ ni ó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Irú àáró bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ara wọn ṣe lórí ìtọ́jú àwọn àgbà tí àìsàn wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí wọn fi wà nínú ewu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìtọ́jú yìí fi ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò lè dá mí nílò ẹ̀rọ tí yóò máa bá a mí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró nílò ẹ̀rọ tí yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dá ṣiṣẹ́. Ìlànà wọn ni pé kí nọ́ọ̀sì kan máa tọ́jú aláìsàn kan ṣoṣo, tọ̀sán-tòru, bí ọ̀ràn onítọ̀hún bá wà ní ipò tí ó le jù lọ. Nítorí náà, kò sí ilé ìwòsàn tí ó lè ní irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ní ọdún 2000, ìjọba ilẹ̀ náà gbé ìwé ìmọ̀ràn kan jáde pé kí àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà ní agbègbè kan náà so ara wọn pọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, kí wọn sì máa fi bí àìsàn ènìyàn ti le tó pín ìtọ́jú, láti ipò 0 dé ipò 3. Ní ọdún 2013, a tún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí tò. Àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan a máa tẹ̀lé ìlànà kan náà. Wọn a máa sọ iye ibùsùn tí ó ṣófo fún ara wọn. Wọn a sì fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ẹni tí yóò gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹni.

Ohun méjì ni ó sábà máa ń fa gbígbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Èkínní ni pé ìtọ́jú tí ó nílò lè má sí níbi tí ó wà. Ẹni tí ó fi orí ṣèṣe nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lè nílò oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, èyí tí kì í sí ní gbogbo ìlú. Èkejì ni pé ibùsùn lè ti kún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ilé ìwòsàn ńlá a gba ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ; nígbà tí ara rẹ̀ bá ń yá, ilé ìwòsàn kékeré a gbà á padà, kí ààyè lè ṣí fún ẹlòmíràn.

Ewu wà nínú ìrìn-àjò náà. Nítorí èyí, a kì í gbéra títí mímí aláìsàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi fara rọ tó bí ó ti lè ṣeé ṣe. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dájú a bá a lọ, wọn a sì gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó ju èyí tí wọ́n nílò lọ, nítorí ọkọ̀ lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, ibùsùn irú ìtọ́jú yìí kún ní ilé ìwòsàn Northwick Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sì ké sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ìjọba ṣí ilé ìwòsàn Nightingale nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní ìlú náà, ṣùgbọ́n àwọn tí a tọ́jú níbẹ̀ nígbà náà kò tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn ilé ìwòsàn àtijọ́ ni ó fẹ ààyè wọn, tí wọ́n pín ẹrù náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Káfíńtà lè kan ibùsùn ní ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kan.

Kí a má ṣe rò pé àáró yìí rọrùn. Ilé ìwòsàn tí ó fi ibùsùn kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù gba àlejò mọ̀ pé ọmọ ìlú òun lè nílò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ẹbí aláìsàn pẹ̀lú lè rin ọ̀nà jíjìn kí wọn tó fojú kàn án. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ kan bá ń gba àáró tí kì í lọ nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn, àáró yóò tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn ilé ìwòsàn: èyí tí ó ṣílẹ̀kùn lónìí ni yóò lè kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ lọ́la.