Ara Ọmọ Gbóná: Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Ibà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín nínú ìwé yìí kan ara ọmọ, ó sì kan àpò ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọ. Kò sí ilé ọlọ́mọ kan ní Agbowa, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tí ara ọmọ kò gbóná rí ní òru. Ohun tí àwọn òbí bá ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ó sábà máa ń pinnu iye tí ilé yóò ná. Nígbà mìíràn, òun náà ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò yè.

ÌYÁ ỌLỌ́JÀ ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹja yíyan ni ó ń tà ní ọjà Agbowa, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún 2. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ara ọmọ gbóná, ó sì ń wúkọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ìyá lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, wọ́n sì bá a fi oògùn ara ríro àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara ọmọ rọ̀ díẹ̀, ó sì tún gbóná. Àwọn àgbà ilé ní kí a se àgbo; a ra egbò àti ewé. Ní Ọjọ́rú, ẹnìkan ní oògùn àkọ́kọ́ kò lágbára, a sì ra òmíràn tí ó wọ́n jù ú lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ kò lè mu ọmú mọ́, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà náà ni wọ́n tó gbé e gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Òtútù àyà ni àwọn dókítà bá lára ọmọ náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí kòkòrò ibà kankan níbẹ̀.

Wọ́n dá ọmọ dúró fún ọjọ́ 5. Ọpẹ́ ni pé ó yè. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò. Owó oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, owó àgbo, owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, owó bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ. Ọjọ́ mélòó ni ìyá kò fi lè pàtẹ? Ẹja tí kò tà ti ń bàjẹ́, owó àjọ tí ó yẹ kí ó fi ra ọjà ti tán, ó sì ti yá owó kún un. Èyí tí ó pọ̀ nínú ìnáwó yìí kò bá ti wáyé bí a bá ti yẹ ọmọ wò ní ọjọ́ Ajé.

KÍ NI ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ?

Kì í ṣe pé ìyá yìí kò gbọ́n. Ohun tí a kọ́ àwọn ìyá wa ni ó ṣe. Ní ìgbà kan rí, àwọn oníṣègùn pàápàá a máa sọ pé bí ara ọmọdé bá ti gbóná ní ilẹ̀ wa, kí a fún un ní oògùn ibà. Kílórókúìnì ni oògùn náà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí ó yá, kòkòrò ibà kò gbọ́ ti kílórókúìnì mọ́. Ní ọdún 2005, ìjọba Nàìjíríà fi àwọn oògùn àdàpọ̀ tí a ń pè ní ACT rọ́pò rẹ̀. Oògùn wọ̀nyí dára gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra oògùn ibà láì mọ̀ bóyá ibà ni, owó tí ó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí pọ̀ ju ti àná lọ. Ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà, ó ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí a bá fura pé ó ní ibà wò kí a tó fún un ní oògùn.

Ibà fúnra rẹ̀ ń dínkù. Ní ọdún 2010, a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wò káàkiri Nàìjíríà. Nínú ọmọ 100, 42 ni a bá kòkòrò ibà lára wọn. Ní ọdún 2015, ó di 27; ní 2018, ó di 23; ní 2021, ó di 22. Nínú ìwádìí ọdún 2018 yẹn, nǹkan bí 52 nínú ọmọ 100 ni ó ní in ní Ìpínlẹ̀ Kebbi. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nǹkan bí 2 péré ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ohun tí èyí ń sọ fún wa. Bí ara ọmọ bá gbóná ní Èkó, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó jẹ́ àrùn mìíràn: òtútù àyà, táífọ́ọ̀dù, èéyi, etí dídùn, tàbí àrùn ọ̀nà ìtọ̀. Oògùn ibà kò lè wo ọ̀kankan nínú wọn sàn. Òtútù àyà sì wà lára àwọn àrùn tí ó ń pa ọmọdé jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibà ti tán. Ní ọdún 2022, nínú ènìyàn 100 tí ibà pa ní gbogbo ayé, nǹkan bí 31 ni ó jẹ́ ará Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Abuja ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2000 nítorí ibà, ìṣírò àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé wà níwájú wọn pé àrùn yìí ń mú kí ilẹ̀ Áfíríkà pàdánù ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ lọ́dọọdún. Owó ńlá yìí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Nínú 100 náírà tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 70 lọ tí ó ń ti àpò àwọn ìdílé jáde ní tààrà. Ara ìṣírò náà ni ẹja ìyá ọlọ́jà Agbowa tí ó bàjẹ́.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÀYẸ̀WÒ

Àyẹ̀wò náà rọrùn. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ọmọ ní ìka, yóò gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, èsì yóò sì jáde kí ìdajì wákàtí tó pé. A lè ṣe é ní ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé tí ó súnmọ́ yín tàbí ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò tí ó wà ní Agbowa.

Bí èsì bá fi hàn pé ibà ni, ẹ lo oògùn ACT tán fún ọjọ́ 3 gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ti kọ ọ́, bí ara ọmọ tilẹ̀ ti balẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fi ìyókù pamọ́ de ọmọ mìíràn. Bí èsì bá fi hàn pé kì í ṣe ibà, ẹ má ṣe bínú sí nọ́ọ̀sì tí kò fún yín ní oògùn ibà. Owó ni ó bá yín fi pamọ́. Ẹ bi í léèrè pé, “Kí ni ó ń ṣe ọmọ mi nígbà náà?” Bí ara ọmọ kò bá sì balẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 2, ẹ padà lọ.

ÀWỌN ÀMÌ EWU

Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́, ẹ má sì ṣe dúró kí baba ọmọ tó dé, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí:

1. Ọmọ kò lè mu ọmú tàbí omi, tàbí ó ń bì gbogbo ohun tí ó bá mu.
2. Gìrì mú un, tàbí ó sùn tí kò ṣeé jí dáadáa.
3. Àyà rẹ̀ ń wọ inú bí ó ti ń mí.
4. Ó ń mí yára. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò bá sunkún. Fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, mímí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ àmì ewu. Fún ọmọ ọdún 1 títí dé ọdún 5, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.
5. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 tí ara rẹ̀ gbóná.

OHUN TÍ Ó Ń DÍN ÌNÁWÓ KÙ

Ẹ jẹ́ kí ọmọ àti aboyún máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì olóògùn ní alaalẹ́. Ẹ da omi tí ó dúró sí àyíká ilé nù. Ẹ̀yin aboyún, ẹ gba oògùn tí ó ń dènà ibà ní ibi ìtọ́jú aboyún. Ẹ mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Láti ìparí ọdún 2014 ni èyí tí ó ń dènà òtútù àyà ti wà lára wọn ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀yin baba, ẹ fi owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò pamọ́ sí ibi tí ìyá ọmọ yóò ti rí i bí ẹ kò bá sí nílé. Kí ìdílé sì ronú lórí ètò adójútòfò ìlera. Òfin tí ó dá ti Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ jáde ní ọdún 2015, òun ni a ń pè ní Ìlera Èkó. Ó dà bí àjọ: a ń dá owó ní ọdọọdún nígbà tí ara le, kí a má baà yá owó nígbà tí àìsàn bá dé. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba nípa iye tí ó jẹ́ àti bí a ṣe ń forúkọ sílẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná ní òru òní, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ gba ọ̀nà ibi àyẹ̀wò ní òwúrọ̀ ọ̀la kí owó tó kúrò ní àpò yín.

ÌLERA NI OÒGÙN ỌRỌ̀.