Bí Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Wa Ṣe Ka Rosewater Tán

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ènìyàn mẹ́rin péré ló wá sí ìpàdé. Mọ́kànlá ni wá lọ́jọ́ tí a fẹnu kò pé a óò kà á. Nínú àwa mẹ́rin yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ti kà dé ibi tí a dá fún ọ̀sẹ̀ náà. Èmi tí mò ń darí ìpàdé kọ́ ni ẹni náà o. Ogójì ojú ìwé ni mo kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ n kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ṣe ni mo ń mi orí bí ẹni tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ mọ ohun tí àwọn kan máa ń sọ nípa àwa tí à ń kọ́ Yorùbá: wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ló le fún wa tí a fi sá wá síbí. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan bá wá tú ẹgbẹ́ wa ká, a ti fún wọn ní ẹ̀rí nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a ṣe tí ẹgbẹ́ kò fi tú, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn tí ìwé tó le bá bá lójú ọ̀nà.

Irú ìwé wo ni?

Rosewater ni orúkọ ìwé náà. Tade Thompson ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó dàgbà ní Nàìjíríà, tó sì ń ṣe iṣẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2016 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ó gba ẹ̀bùn Nommo ní 2017, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ìwé mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni. Ní 2066, ìlú kan wà ní Nàìjíríà tó ń jẹ́ Rosewater. Ẹ̀dá àjèjì kan tó wá láti ojú òfuurufú ló fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ó kọ́ ilé ńlá rìbìtì bo ara rẹ̀ bí ìgbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbé yí i ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ilé náà máa ń ṣí, àwọn aláìsàn tó bá sì wà nítòsí a rí ìwòsàn. Kaaro ni ẹni tó ń sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Olè ni tẹ́lẹ̀. Ó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn lọ gbọ́ ohun tó ń rò. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ fún àjọ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àṣírí.

Kí ló mú un le?

Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní ni àkókò. Orí kan wà ní 2066, èyí tó tẹ̀ lé e padà sẹ́yìn sí 2055, òmíràn tún lọ sí àkókò mìíràn. Ọdún àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sáré kàwé kò ní wò ó.

Èkejì ni ọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé máa ń lo ọ̀rọ̀ kan, bíi xenosphere, kó tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni Kaaro fúnra rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn tí a lè tètè fẹ́ràn. Ó máa ń sá fún ewu, ojú tó sì fi ń wo obìnrin bí àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ wa nínú. Bí ẹni tó ń mú wa lọ kò bá wù wá, ọ̀nà á jìn.

Ohun tí a ṣe

Alẹ́ ọjọ́ ìpàdé kejì yẹn, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé ìwé yìí kò yé mi, pé irọ́ ni gbogbo orí tí mo ń mì. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ọdún kẹrin fi dáhùn pé, "Ṣé ìwọ náà ni? Mo rò pé èmi nìkan ni." Bí àwọn yòókù ṣe ń jẹ́wọ́ nìyẹn. Ìtìjú ló lé wọn sílé, kì í ṣe ìwé. Ìpàdé kẹta, mẹ́sàn-án ni wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a dín ìwé kíkà kù sí ọgbọ̀n ojú ìwé lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, a ra páálí funfun kan, a fa ìlà sí i, a kọ ọdún sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ka orí kan tán yóò fi pẹ́ńsùlù kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ ọdún rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a rí i pé òǹkọ̀wé kò kàn da àkókò rú. Ìbéèrè tó bá bí ní 2066, 2055 ló sábà máa ń lọ wá ìdáhùn rẹ̀ sí.

Ìkejì, a ya ìbéèrè sí oríṣi méjì: "kò yé mi" àti "kò tíì yé mi". "Kò yé mi" ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ta kókó, tàbí ẹni tí a kò mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀. A máa ń yanjú ìyẹn lójú ẹsẹ̀. "Kò tíì yé mi" ni ohun tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kò tíì fẹ́ ká mọ̀. Ìyẹn, a ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí, a ó sì dúró dè é. Ọ̀pọ̀ ohun tí a rò pé àìmọ̀ wa ni, sùúrù ló ń fẹ́.

Ìkẹta ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á fi Yorùbá sọ ibi tí a kà. Kò gbọdọ̀ lo Gẹ̀ẹ́sì, àyàfi orúkọ. Ọjọ́ tó kan xenosphere, arábìnrin kan gbìyànjú títí, ó ní, "Ẹ wò ó, ṣé ẹ ti rí búrẹ́dì tó bu rí? Ohun kan báyìí ló wà nínú afẹ́fẹ́, ó ń hù sára gbogbo èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, òun ló so ọkàn wọn pọ̀." Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, a ti rẹ́rìn-ín Kaaro pé ó máa ń fi ìpara pa ara, irú èyí tí à ń rà ní kẹ́mísìtì fún làpálàpá. Ìgbà yẹn ni a tó rí ìdí rẹ̀. Bí ohun tó so ọkàn pọ̀ bá jọ ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, ìpara tó ń pa làpálàpá ni yóò já okùn náà. Gbogbo wa ló ti kà á kọjá ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí a wá a kiri ní Yorùbá ló tó di tiwa.

Orúkọ náà tún gbà wá ní wákàtí kan odindi. Kò sí àmì ohùn lórí Kaaro. Ẹnì kan ní ìkíni òwúrọ̀ ni, òmíràn ní ó ń rán wa létí Káàárọ̀-oòjíire, ẹ̀kẹta ní ohùn mìíràn lè wà lórí rẹ̀ pátápátá. A ò fẹnu kò. Ṣùgbọ́n èyí ni iṣẹ́ tí a wá kọ́ níbí, kò sì sí ẹgbẹ́ òǹkàwé ní ẹ̀ka mìíràn tó lè ṣe é jù wá lọ.

Ọjọ́ tí a kò lè parí ìpàdé

Nígbà tí a kan ọjọ́ tí ilé náà ṣí, mo ti múra ìbéèrè sílẹ̀ nípa sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Nínú ìtàn náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn gba ìwòsàn, ṣùgbọ́n a tún ara àwọn kan ṣe lódì, òkú tó wà nítòsí a sì dìde láìní ọkàn nínú. Kí n tó la ẹnu, arábìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, "Mo mọ èrò yẹn. Mo ti dúró láàárín wọn rí." Ìyá rẹ̀ ló ṣàìsàn fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń gbé e láti ìsọ́ òru kan dé òmíràn. Ó ní ohun tí ìwé náà mọ̀ tí òun kò rí ẹni bá sọ ọ́ rí ni pé, ìrètí pàápàá lè rẹ èèyàn.

Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹ̀dá àjèjì wà mọ́. A ti bọ́ sínú ohun tí irú ìwé yìí wà fún. Ká má purọ́, ilé iwé ti kọ́ wa díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwa tí a ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 kì í bi òǹkọ̀wé pé báwo ni iwin ṣe ń sọ̀rọ̀. A máa ń gbà fún un, a ó sì wo ohun tí ọdẹ ṣe nígbà tó bá iwin pàdé. Thompson yàtọ̀ ní ti pé ó ń fi sáyẹ́ǹsì wá ìdí fún ohun ìyanu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbẹ̀yìn kò yàtọ̀: kí ni èèyàn á ṣe bí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ bá dúró níwájú rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni a fi ka ìwé náà tán. Àwa mẹ́jọ la kà á parí. Àwọn mẹ́ta kò parí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì ń tọ́jú páálí wa, ó sì mọ ìtàn náà ju ẹlòmíràn tó parí rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ka apá kejì, The Rosewater Insurrection, ẹ máa bọ̀. Ẹ kò nílò kí ẹ mọ nǹkan kan ṣáájú. Ìlànà kan ṣoṣo ló wà: bí kò bá yé yín, ẹ má ṣe mi orí.