Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Dá Oògùn Dúró

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-ò-jíire, kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù kì í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ wa gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá pọ̀ lápọ̀jù ni ó ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà ọkàn tàbí ti ọpọlọ yóò fi dí. Kì í dun ni, kì í yún ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó.

Abájọ tí àwọn òbí wa fi ń sọ pé, “Ara mi le koko,” tí wọ́n á sì pa oògùn tì. Sítátìn, tí Akira Endo ará Jàpáánù ṣàwárí irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1970, ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù ni. Ẹni tó bá dá a dúró, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹran ara bá ń ro ó, dókítà ni kó lọ bá.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n bí ìdajì ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń dì gbagidi nígbà ọyẹ́ Òkè Ọya níbí, èyí tó ń mú ti inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ bù ú kéré sórí ẹ̀wà. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ dára. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Bẹ́ ẹ bá sì délé lásìkò ìsinmi, ẹ yẹ páálí oògùn wọn wò.