ELÉGÉDÉ GẸ́GẸ́ BÍ ỌTA: ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀGBÁ AFẸ́FẸ́

Ìfáàrà

Bí eré bí àwàdà ni ìdíje Punkin Chunkin bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Sussex, ìpínlẹ̀ Delaware, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 1986. Elégédé ni àwọn olùdíje ń jù, ẹni tí tirẹ̀ bá sì jìnnà jù ni ó gbégbá orókè. Oríṣiríṣi ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n àgbá afẹ́fẹ́ ni ó ń jù ú jìnnà jù lọ. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe àgbá yìí, kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ìfẹ́ àtinúwá ni. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí ọta fi ń dààmú wọn tó àgbá fúnra rẹ̀, àti ewu tí ó fara pamọ́ sínú eré náà.

Bí Àgbá Afẹ́fẹ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Àgbá afẹ́fẹ́ kì í lo ẹ̀tù. Ìlànà ìdíje náà kò gba ohunkóhun tí ń bú gbàmù láàyè. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí ó jọ èyí tí àwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà, ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táǹkì irin. Fáàfù ni ó dínà láàrin táǹkì náà àti páìpù gígùn tí ọta wà nínú rẹ̀. Bí fáàfù bá ṣí, afẹ́fẹ́ yóò tú jáde, yóò sì ti ọta síwájú. Agbára tí ń ti ọta dúró lórí nǹkan méjì: bí afẹ́fẹ́ náà ṣe fún pọ̀ tó, àti bí ẹ̀yìn ọta tí ó ń tì ṣe fẹ̀ tó. Bí páìpù bá sì ṣe gùn tó ni ọ̀nà tí a ó fi máa tì í ṣe gùn tó.

Ìdí tí Ọta fi Ń Fọ́

Ìlànà ni pé kí elégédé wọn láàrin pọ́n-ùn 8 sí 10, ìyẹn nǹkan bíi kílò 3.6 sí 4.5, kí ó sì jáde láìfọ́. Èyí tí ó bá fọ́ lójú òfuurufú, “páì” ni wọ́n ń pè é, kò sì ní èrè kankan. Inú elégédé ṣófo, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ lójijì, iwájú rẹ̀ kò tíì ṣetán láti kúrò níbi tí ó wà; èèpo rẹ̀ ni ìyà náà ń jẹ.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi èyí hàn. Bí a bá fẹ́ kí elégédé kílò 4 jáde pẹ̀lú eré mítà 129 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí páìpù sì gùn ní mítà 3, títì náà yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 280 ìwúwo elégédé náà, bí ẹni pé a di àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 méjìlélógún lé e lórí. Bí páìpù náà bá gùn tó mítà 30, tí títì náà sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní ju ìlọ́po 28 lọ, ìyẹn àpò méjì lé díẹ̀. Ìdí nìyí tí páìpù àwọn ògbóǹtarìgì fi máa ń gùn gbọọrọ, tí wọ́n sì ń ṣa elégédé tí èèpo rẹ̀ nípọn, bí irú tí a ń pè ní Casper. Ó sì gbọdọ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú páìpù: bí ó bá kéré jù, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ, bí ó bá tóbi jù, yóò há.

Afẹ́fẹ́ Tì í, Afẹ́fẹ́ Dá a Dúró

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2010, àgbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Big 10 Inch ju elégédé dé mítà 1,690.24 ní Moab, ìpínlẹ̀ Utah. Guinness World Records sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, eré mítà 129 tí a lò lókè yìí ni ì bá tó láti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, elégédé náà ní láti yára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Moab ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti Delaware tó wà létí òkun. Ọta tí ó fúyẹ́ jù kò ṣàǹfààní: yóò tètè jáde, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yóò tètè mú un.

Ewu Inú Rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní Bridgeville ní Delaware, irin kan já kúrò lára àgbá afẹ́fẹ́ kan, ó sì ba obìnrin kan tí ó wá ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ó farapa gidigidi. Ìdíje ti ọdún 2017 kò sì wáyé. Ọta kọ́ ni ó ṣe ọṣẹ́ yìí, àgbá ni.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ẹni tí ń fi páìpù ike dánra wò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú. Omi kì í fún pọ̀ púpọ̀. Bí páìpù omi bá là, agbára inú rẹ̀ tán nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: bí páìpù bá là, yóò máa fẹ̀ sí i, yóò sì máa fọ́n àfọ́kù ike kiri bí ọ̀bẹ. Nítorí náà, páìpù ike tí a fi ń gbé omi kò yẹ fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé yìí fi hàn pé ọta rere kì í ṣe èyí tí a fi agbára jù lọ tì, bí kò ṣe èyí tí a tì díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà gígùn. Ó tún fi hàn pé ẹni tí ó ń wo ibi tí ọta yóò bọ́ sí nìkan kò tíì rí ìdajì ewu náà. Ìdajì yòókù wà nínú táǹkì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.